Fídíò ìgbéyàwó 4K kò ṣí dáadáa lórí tẹlifíṣọ̀n oníbàárà: báwo la ṣe máa yí i padà láìba àwòrán àti ohùn jẹ́?

Kámẹ́rà_Lugbe

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Fídíò ìgbéyàwó kan wà nílẹ̀ tó tó wákàtí mẹ́ta. Kámẹ́rà Sony méjì ló yà á ní 4K, 100 Mbps, iPhone kan sì ya ìjókòó àwọn ìyá. Ti Sony méjèèjì nìkan ti tó 270 GB. Ẹbí ìyàwó fẹ́ gbogbo rẹ̀ láìgé, lórí fílaṣì tí wọn yóò kì bọ tẹlifíṣọ̀n wọn ní Gwarinpa. Wọ́n tún fẹ́ ègé kéékèèké fún WhatsApp.

Lórí tẹlifíṣọ̀n náà, fáìlì Sony àkọ́kọ́ gbé àwòrán jáde láìsí ohùn. Ti Sony kejì kò ṣí rárá. Ti iPhone ṣí, àmọ́ àwọ̀ rẹ̀ ṣá, ojú àwọn ènìyàn sì rí ràkọ̀ràkọ̀. Fáìlì Sony méjèèjì ló parí sí .MP4, kí ló wá dé tí wọ́n ń hùwà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀?

Kọ̀ǹpútà tó wà: Core i5 ìran kẹjọ, RAM 16 GB, kò ní káàdì Nvidia. HandBrake àti FFmpeg, ètò tí a fi ń yí fídíò padà, ti wà lórí rẹ̀.

AgbaKódẹ́kì_Wuse

Àbúrò, fi HandBrake sílẹ̀ ná. .MP4 tí o ń rí lẹ́yìn orúkọ fáìlì, kẹ́ẹ̀gì ni. Omi lè wà nínú kẹ́ẹ̀gì, epo pupa lè wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń wo ìta kò lè mọ̀. Ohun tó wà nínú ni codec, ọ̀kan fún àwòrán, ọ̀kan fún ohùn. Tẹlifíṣọ̀n á ṣí ìdérí, á wo ohun tó bá níbẹ̀, bí kò bá mọ̀ ọ́n, á kọ̀ ọ́.

Lọ gba MediaInfo, ètò tó ń sọ ohun tó wà nínú fáìlì, ọ̀fẹ́ ni. Fa fáìlì kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀, kí o yan View, kí o yan Text. Ìlà márùn-ún ni kí o kà fún wa: Format, Bit depth, Chroma subsampling àti Frame rate mode lábẹ́ Video, lẹ́yìn náà Format lábẹ́ Audio. Bí o bá fẹ́ràn ojú dúdú tí a ti ń tẹ àṣẹ (cmd), èyí náà á sọ ọ́:

`ffprobe -hide_banner C0012.MP4`

Mo lè sọ ti àkọ́kọ́ fún ọ báyìí. Sony tó ń lo XAVC S (irú ìgbàsílẹ̀ tirẹ̀) máa ń fi ohùn PCM sínú MP4. PCM ni ohùn tí a kò fún pọ̀ rárá, ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n kì í sì gbà á nínú MP4. Àwòrán rẹ̀ kò ní àìsàn kankan, torí náà má fọwọ́ kàn án. Ohùn nìkan ni kí o yí padà sí AAC, irú ohùn tí a ti fún pọ̀:

`ffmpeg -i C0012.MP4 -map 0:v:0 -map 0:a:0 -c:v copy -c:a aac -b:a 192k -movflags +faststart C0012_tv.mp4`

`-c:v copy` ló ṣe pàtàkì jù níbẹ̀. Ó ń gbé àwòrán láti kẹ́ẹ̀gì kan sí òmíràn láìtún un kọ, torí náà kò sí ohun tó bàjẹ́, iṣẹ́ náà sì ń yára bí hard disk rẹ bá ṣe yára. Má kọ `-map 0` lásán o. Sony máa ń fi ìlà kẹta sínú fáìlì, èyí tó ń tọ́jú ìròyìn nípa kámẹ́rà, FFmpeg á sì máa bá ọ jà lórí rẹ̀.

Àwọn méjì tó kù, mú ohun tí MediaInfo bá sọ wá ká tó fọwọ́ kàn wọ́n.

Kámẹ́rà_Lugbe

Ẹ ṣeun, sà. Ó rí báyìí:

Sony 1: AVC, 8 bits, 4:2:0, Constant. Ohùn: PCM.
Sony 2: AVC, 10 bits, 4:2:2, Constant. Ohùn: PCM.
iPhone: HEVC, 10 bits, 4:2:0, Variable, ó tún kọ Dolby Vision, BT.2020 àti HLG. Ohùn: AAC.

AgbaKódẹ́kì_Wuse

Ó ti yé wa báyìí.

Sony 2: 4:2:2 10 bits dára fún ẹni tó fẹ́ tún àwọ̀ ṣe, ṣùgbọ́n ṣíìpù tó ń ka H.264 (òun náà ni AVC) nínú tẹlifíṣọ̀n ilé, 8 bits 4:2:0 ni wọ́n kọ́ ọ fún. Kò sí ọgbọ́n kẹ́ẹ̀gì tó lè tún ìyẹn ṣe. Èyí gbọ́dọ̀ di títúnkọ.

iPhone: HDR ni wọ́n fi yà á. Ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ rẹ̀ fẹ̀ ju ohun tí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ mọ̀. Bí a bá kàn sọ ọ́ di H.264 láìṣe ìtúmọ̀ àwọ̀, yóò ṣá bí o ṣe rí i yẹn, o ò sì ní lè dá a padà mọ́. Àṣẹ rẹ̀ nìyí:

`ffmpeg -i IMG_0457.MOV -vf "scale=1920:-2,zscale=t=linear:npl=100,format=gbrpf32le,zscale=p=bt709,tonemap=tonemap=hable:desat=0,zscale=t=bt709:m=bt709:r=tv,format=yuv420p" -fps_mode cfr -r 30 -c:v libx264 -crf 21 -preset medium -c:a aac -b:a 160k -movflags +faststart iya.mp4`

`scale` ló ṣáájú kí ìṣirò àwọ̀ tó tẹ̀ lé e lè fúyẹ́ fún i5 rẹ. `tonemap` ló ń fa ìmọ́lẹ̀ tó ga jù sílẹ̀ sí ibi tí tẹlifíṣọ̀n lè dé. Bí FFmpeg rẹ bá sọ pé òun kò mọ zscale, a jẹ́ pé kò sí nínú irú èyí tí o gbà. Lọ gba èyí tó pé. `-fps_mode cfr -r 30` wà níbẹ̀ nítorí Variable tí o rí yẹn: fóònù kì í ya iye àwòrán kan náà ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá, bí ìmọ́lẹ̀ bá dínkù á fà sẹ́yìn, bó bá pọ̀ á yára. Tí o bá gbé irú fáìlì bẹ́ẹ̀ wọ inú ẹ̀rọ ìgéfídíò, ètè àti ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yà díẹ̀díẹ̀, nígbà tó bá fi tó ogún ìṣẹ́jú á ti hàn gbangba. Ẹni tí FFmpeg rẹ̀ jáde ṣáájú 5.1 á kọ `-vsync cfr` dípò.

Fún ọjọ́ mìíràn, lórí iPhone, wọ Settings, Camera, Record Video, kí o pa HDR Video kí ayẹyẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Wàyí o, ti iye tí fáìlì ń wọ̀n. 100 Mbps túmọ̀ sí 12.5 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn 45 GB ní wákàtí kan. Kódà Sony 1 tí ohùn rẹ̀ ti jáde báyìí kò ní rin gaara láti orí fílaṣì, ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n kò lè bá 100 Mbps sáré. Torí náà fún fílaṣì yìí, sọ Sony méjèèjì di 1080p. Fi `copy` yẹn ṣe èyí tí o fẹ́ tọ́jú.

Ní HandBrake: gbé Fast 1080p30 kalẹ̀. Ní Summary, MP4, kí o sì fi àmì sí Web Optimized. Ní Video, H.264 (x264), Framerate “Same as source”, Constant Framerate, RF 21, Preset Medium, Profile High, Level 4.1. Ní Audio, AAC, Stereo, 192. Nínú àpótí Advanced Options, kọ èyí:

`vbv-maxrate=12000:vbv-bufsize=24000:aq-mode=3`

RF kì í ṣe iye ìwọ̀n fáìlì. Bí àwòrán ṣe máa mọ́ tó ni o ń bèèrè fún. Nọ́ńbà kékeré ń fúnni ní àwòrán tó mọ́ àti fáìlì ńlá. Bí o bá fi 6 kún un, fáìlì á fẹ́rẹ̀ẹ́ dínkù sí ìdajì. Fún 1080p, 20 sí 24 ni ibi tó dáa. Ibi tí bàbá ìyàwó ti dúró gbàdúrà lè má ju 3 Mbps lọ. Nígbà tí wọ́n bá ń náwó lórí ìyàwó, tí owó ń fò, tí léèsì olókùúta ń dán, tí iná LED ń yí àwọ̀ lẹ́yìn, á béèrè púpọ̀ sí i, ó lè kọjá 12 Mbps. Ìdí nìyẹn tí mo fi maxrate dè é. `aq-mode=3` ń fi kún ìtọ́jú ibi òkùnkùn, kí ògiri gbọ̀ngàn tó wà lẹ́yìn má baà di ìpele ìpele.

Bí kámẹ́rà bá ya 50p (àwòrán 50 ní ìṣẹ́jú àáyá), Level 4.1 kò gba 1080p ní 50. Yí i sí 4.2, tàbí kí o fi Framerate sí 25.

ỌmọMinna

Ṣé kì í ṣe H.265 (HEVC) ló yẹ kó lò, kí fáìlì lè kéré sí i?

AgbaKódẹ́kì_Wuse

Fún ìpamọ́ tirẹ̀, ó dáa. Fún tẹlifíṣọ̀n ẹni ẹlẹ́ni, rárá. H.264 ti wà láti 2003, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tí kò ṣí i. H.265 jáde ní 2013. Tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ti ń lò ṣáájú ìgbà yẹn kò lè mọ̀ ọ́n láé, ọ̀pọ̀ olówó pọ́ọ́kú tó tẹ̀ lé e kò sì mọ 10 bits rẹ̀. Oníbàárà kò ní mọ̀ pé ó fún ọ ní ìdajì GB. Ohun tó máa mọ̀ ni pé fídíò rẹ̀ kò ṣí.

SabonGari_Kano

Ẹ kú ìjíròrò. Ọ̀gá Wuse ti sọ òótọ́ púpọ̀, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí àbúrò fi x264 Medium, tí CPU nìkan ń ṣe, pa kọ̀ǹpútà rẹ̀. Wákàtí mẹ́fà fídíò 4K lórí i5 ìran kẹjọ, òru kan kò tó o. Intel Quick Sync (QSV), ẹ̀yà ṣíìpù tó wà fún fídíò nìkan, wà nínú i5 yẹn. Ní HandBrake, ẹ yan H.264 (Intel QSV) dípò x264. Á yára ju x264 lọ, kọ̀ǹpútà kò sì ní gbóná tó bẹ́ẹ̀.

Èyí ṣe kókó fún àwa tí a wà lókè níbí. Láti oṣù kẹta sí ìkárùn-ún, ooru Kano, Sokoto àti Maiduguri máa ń kọjá 40°C. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ń ṣe x264 nínú yàrá tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù á gbóná, á bẹ̀rẹ̀ sí í dín ìyára ara rẹ̀ kù kó má baà jóná; iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá (25 fps) á di 11. Tó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, eruku ló ń dí ihò fáànù. Ẹ gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè díẹ̀ kúrò lórí tábìlì, ẹ fọn eruku fáànù jáde kí iṣẹ́ ńlá tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣe é lóru. Bí ó bá pọn dandan lọ́sàn-án, ẹ fi `-threads 4` sí àṣẹ FFmpeg. Kò ní lò gbogbo agbára rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyára rẹ̀ á dúró lójú kan.

AgbaKódẹ́kì_Wuse

Ẹ̀gbọ́n Kano, ẹ tọ̀nà lórí ooru. Lórí Quick Sync, ẹ jẹ́ ká pín in sí méjì.

Ìkínní, bí ẹ bá fi QSV àti x264 Medium sí bitrate (iye dátà ní ìṣẹ́jú àáyá) kan náà, ti x264 á mọ́ jù, pàápàá níbi ijó. Kí QSV tó lè bá a dọ́gba, fáìlì gbọ́dọ̀ tóbi sí i. Fún fílaṣì 64 GB ìyẹn kì í ṣe wàhálà, mo fara mọ́ ọn.

Ìkejì ni èyí tí mo fẹ́ kí àbúrò mọ̀. Quick Sync inú i5 yẹn kò lè *ka* H.264 4:2:2 10 bits ti Sony 2. CPU ló máa kà á, ó sì wúwo, QSV á kàn máa dúró dè é. Nítorí náà, fún Sony 1, QSV á fò. Fún Sony 2, èrè rẹ̀ á kéré gan-an. Ẹni tó bá rí i pé kò yára má rò pé kọ̀ǹpútà òun bàjẹ́.

SabonGari_Kano

Mo gbà. Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ iná.

MP4 kì í kọ atọ́ka rẹ̀ (moov ni orúkọ rẹ̀) títí iṣẹ́ á fi parí. Bí iná bá lọ, tí ínfátà bá kú nígbà tí iṣẹ́ wà ní 97%, 7 GB wà lórí dísìkì lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ tó lè ṣí i. MKV, kẹ́ẹ̀gì mìíràn, kò rí bẹ́ẹ̀. Apá kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ ń gbé àmì àkókò tirẹ̀ dání bó ṣe ń kọ ọ́ lọ, ibi tó dé lẹ máa bá. Ẹ kọ iṣẹ́ gígùn sí .mkv, nígbà tó bá parí kí ẹ wá gbé e sínú MP4:

`ffmpeg -i C0020.mkv -c copy -movflags +faststart C0020_tv.mp4`

Àwọn tó ń fi OBS (ètò ìgbàsílẹ̀ fídíò) gba ìwàásù tàbí wáàsí sílẹ̀ náà, MKV ni kí wọ́n yàn fún ìdí yìí kan náà.

Síbẹ̀, MKV kò ní kí iṣẹ́ máa bá a lọ láti ibi tó dúró sí. FFmpeg àti HandBrake kò mọ ìyẹn. Ohun tó ń gbani ni kí a gé iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́, kí iná tó bá lọ má lè gbà ju ègé kan lọ. Ẹ ṣí cmd nínú fódà tí fáìlì wà.

Ìgbésẹ̀ kìíní, gé àwòrán sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá láìtún un kọ:

`ffmpeg -i C0020.MP4 -map 0:v:0 -c copy -f segment -segment_time 600 -reset_timestamps 1 ege_%03d.mkv`

Ìgbésẹ̀ kejì, yí wọn padà níkọ̀ọ̀kan:

`for %a in (ege_*.mkv) do if not exist pari_%a (ffmpeg -y -i %a -vf scale=1920:-2,format=yuv420p -c:v libx264 -crf 21 -preset medium -maxrate 12M -bufsize 24M dede.mkv && ren dede.mkv pari_%a)`

Bí iná bá lọ, ẹ kàn tún àṣẹ yẹn ṣe nígbà tó bá dé. Èyí tó ti ní “pari” níwájú orúkọ rẹ̀, á fò ó kọjá. Èyí tó wà lọ́wọ́ nígbà tí iná lọ ṣì ń jẹ́ dede.mkv, á bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lákọ̀tun.

Ìgbésẹ̀ kẹta, so wọ́n pọ̀, kí o mú ohùn láti inú fáìlì àkọ́kọ́:

`(for %a in (pari_*.mkv) do @echo file '%a') > akojo.txt`

`ffmpeg -f concat -safe 0 -i akojo.txt -i C0020.MP4 -map 0:v:0 -map 1:a:0 -c:v copy -c:a aac -b:a 192k -movflags +faststart C0020_tv.mp4`

Ẹ kíyè sí i pé n kò gé ohùn rárá. AAC máa ń fi ìdákẹ́jẹ́ kékeré sí ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gé ohùn sí méjìdínlógún tó sì so ó pọ̀, á gbọ́ “tẹ́k” ní gbogbo oríta, ohùn á sì máa sún kúrò lára àwòrán. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ yí ohùn padà, lódidi.

Bí ẹ bá kó àwọn àṣẹ yìí sínú fáìlì .bat, gbogbo % á di %%. Ẹ má sì fi àmì ohùn tàbí àlàfo sí orúkọ fáìlì. Cmd lè gbà á, tẹlifíṣọ̀n lè kọ̀ ọ́. Ẹ wọ ètò Power ti Windows, kí ẹ fi Sleep sí Never, torí kọ̀ǹpútà tó lọ sùn ní aago méjì òru jọ iná tó lọ ni.

ÌyáOhùn_Kàdúná

Ẹ ń sọ̀rọ̀ àwòrán, ohùn wá di ìlà kan níparí àṣẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá wo ìgbéyàwó tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gbọ́, kò wo nǹkan kan.

Àkọ́kọ́, ìlù. Bí ẹ bá fún ohùn pọ̀ jù, ibi tó ti kọ́kọ́ ń hàn ni agogo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù dùndún. Codec máa ń ṣírò ohùn ní àkójọ kékeré kékeré. Nígbà tí bitrate bá kéré, ariwo ọ̀pá tó lu awọ á tàn sẹ́yìn, ẹ ó máa gbọ́ “ṣṣ” kí ìlù tó dún. Fún orin àti ijó, AAC 192k ní stereo, má lọ sísàlẹ̀. Fún MP3, 192 sí 256. Sísọ MP3 128 di 320 kò dá ohun tó ti sọnù padà, fáìlì ló kàn ń sanra.

Èkejì, ọ̀rọ̀ ẹnu: ìwàásù, wáàsí, ìkíni, ẹ̀kọ́. Stereo kò wúlò níbẹ̀. MP3 mono 64k tó, wákàtí kan kò ju nǹkan bí 29 MB lọ. WAV stereo 48 kHz ti wákàtí kan náà ń lọ sí 690 MB. Bí gbogbo àwọn tó máa gbọ́ ọ bá ń lo fóònù ìgbàlódé, Opus 24k á gbé wákàtí kan sí nǹkan bí 11 MB, ọ̀rọ̀ á sì já gaara. Rédíò kékeré onífílaṣì tí àwọn àgbà ń lò kò mọ Opus o, MP3 ni kí ẹ fi fún wọn.

`ffmpeg -i waasi.wav -af "highpass=f=80,loudnorm=I=-16:TP=-1.5:LRA=11" -ac 1 -ar 44100 -c:a libmp3lame -b:a 64k waasi.mp3`

`highpass=f=80` ń gé ìsàlẹ̀ kúrò, níbi tí “hùùù” 50 Hz ti iná àti jẹnẹrétọ̀ ń gbé. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni kí ẹ lò ó fún. Lórí orin, á jẹ ìdí ìlù ńlá àti bass. `loudnorm` ń gbé ohùn tó lọ sílẹ̀ sókè, tó sì ń fa èyí tó ga jù sílẹ̀. Ẹ má gbàgbé `-ar`: tí kò bá sí níbẹ̀, loudnorm á gbé ohùn jáde ní 192 kHz. Nínú WAV, fáìlì á wúwo lásán. AAC àti MP3 kò tiẹ̀ mọ 192 kHz.

Èyí tó ti fọ́ nígbà tí wọ́n ń gbà á sílẹ̀, tí orí ìgbì ohùn rẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí àṣẹ tó lè dá a padà.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀rọ agbohùn tó dá dúró. Bí ẹ bá fi ẹ̀rọ kékeré gba ohùn lọ́dọ̀ MC, aago inú rẹ̀ àti ti kámẹ́rà kì í bára mu délẹ̀. Ẹ pàtẹ́wọ́ níbẹ̀rẹ̀, ẹ pàtẹ́wọ́ níparí. Bí àlàfo àárín àtẹ́wọ́ méjèèjì bá jẹ́ 7,200 ìṣẹ́jú àáyá lórí kámẹ́rà, tó jẹ́ 7,202 lórí agbohùn, ẹ pín 7,202 sí 7,200, ẹ ó rí 1.000278. Ìyẹn lẹ máa fi sí `-af atempo=1.000278`. Ẹ má gé e káàkiri láti fi wá ètè.

Kámẹ́rà_Lugbe

Ẹ ṣeun gan-an mà. Ègé WhatsApp ńkọ́? Bí a bá fi ránṣẹ́, ó ń di ẹrẹ̀.

ỌmọMinna

WhatsApp fúnra rẹ̀ ló ń tún un kọ nígbà tí ẹ bá fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí fídíò. Ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí Document. Kò ní fọwọ́ kàn án, ó sì ń gbà tó 2 GB.

AgbaKódẹ́kì_Wuse

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó máa gbà á ló máa fi dátà rẹ̀ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ ṣe é kéré láti ilé. Ìṣirò rẹ̀: MB tí o fẹ́, ìlọ́po 8,000, pín in sí iye ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn ni gbogbo kbps tí o ní. Fún 15 MB àti ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀: 120,000 pín sí 150 jẹ́ 800. Yọ 64 fún ohùn, fi díẹ̀ sílẹ̀ fún kẹ́ẹ̀gì, àwòrán gba 700. Níbi tí ìwọ̀n bá ti ṣe pàtàkì ju RF lọ báyìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni ká ṣe é, kí x264 kọ́kọ́ wo ibi tí ijó wà kó tó pín owó rẹ̀:

`ffmpeg -y -i ege.mp4 -vf scale=-2:480,format=yuv420p -c:v libx264 -b:v 700k -pass 1 -an -f null NUL`

`ffmpeg -i ege.mp4 -vf scale=-2:480,format=yuv420p -c:v libx264 -b:v 700k -pass 2 -c:a aac -b:a 64k -movflags +faststart ege_wa.mp4`

480p ni o. 1080p ní 700 kbps, ẹrẹ̀ náà ni, kódà kó tó dé WhatsApp. Ohùn 64k tí mo lò yìí, Ìyá Ohùn á bínú sí i bí ègé náà bá jẹ́ ti ìlù. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, fi 96k, kí o sì fa àwòrán sí 660k.

Láti inú fáìlì Sony ni kí o ti gé ègé náà, má gé e láti inú èyí tí o ti ṣe fún tẹlifíṣọ̀n. Gbogbo àtúnkọ ló ń jẹ nínú àwòrán.

ÌyáOhùn_Kàdúná

Àbúrò Wuse, bí ẹ ṣe sọ ọ́ yẹn dára.

Àkọlé_Jos

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ti àkọlé (ọ̀rọ̀ tó ń hàn nísàlẹ̀ fídíò) sí i, torí ọ̀pọ̀ ẹbí níbí ní àna tí kò gbọ́ Yorùbá, ẹlòmíràn sì fẹ́ kí oríkì hàn ní kíkọ lójú fídíò.

Fáìlì .srt, èyí tí a kọ àkọlé sí, gbọ́dọ̀ jẹ́ UTF-8. Ní Notepad, Save As, Encoding, UTF-8. Tó bá jẹ́ ANSI, ẹ àti ọ á di àmì ìbéèrè. Bí ó ti wù kó dára tó nínú kọ̀ǹpútà, má gbẹ́kẹ̀ lé tẹlifíṣọ̀n. Lẹ́tà “é” ní àyè tirẹ̀ nínú Unicode, “ẹ” náà ní, ṣùgbọ́n “ẹ́” kò ní. Lẹ́tà “ẹ” àti àmì òkè tó dá dúró ló ń para pọ̀. Lẹ́tà inú tẹlifíṣọ̀n kì í mọ bí a ti ń gbé àmì yẹn lé orí, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó fi àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀. Sun àkọlé náà mọ́ àwòrán:

`ffmpeg -i C0012.MP4 -vf "scale=1920:-2,subtitles=oriki.srt:force_style='FontName=Noto Sans,FontSize=20,Outline=2',format=yuv420p" -c:v libx264 -crf 21 -preset medium -c:a aac -b:a 192k -movflags +faststart oriki_tv.mp4`

Noto Sans gbé àmì Yorùbá dáadáa, ó sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ fi oriki.srt sí fódà kan náà pẹ̀lú fídíò; bí ẹ bá kọ C:\ sínú `subtitles=`, ojúàmì méjì yẹn á da àṣẹ rú. Kí sísun yìí sì wáyé nínú àtúnkọ kan ṣoṣo tí ẹ fẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀.

Ẹni tó bá ní fáìlì .MTS láti inú kámẹ́rà àtijọ́: 1080i ni ọ̀pọ̀ wọn, èyí tó pín ìlà àwòrán kọ̀ọ̀kan sí ìdajì méjì. Bí ẹ bá rí ìlà bí eyín ìyarun lára ẹni tó ń rìn, ẹ fi `-vf bwdif` sí i. Kámẹ́rà wọ̀nyẹn máa ń pín ìgbàsílẹ̀ gígùn sí fáìlì méjì mẹ́ta. Ẹ so wọ́n pọ̀ kí ẹ tó yí wọn padà, `copy /b 00000.MTS+00001.MTS odidi.MTS`, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ̀rọ̀ á já ní oríta.

Kámẹ́rà_Lugbe

Mo ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà ègé tí ọ̀gá Kano fi hàn. Fílaṣì 64 GB wà nílẹ̀, FAT32 ni. Ṣé kò sí ìṣòro?

SabonGari_Kano

Ìṣòro wà. FAT32 kì í gba fáìlì kan tó ju 4 GB lọ. Wákàtí mẹ́ta ní 6 Mbps ń sún mọ́ 8 GB. Bí tẹlifíṣọ̀n wọn bá mọ exFAT, ètò ìtọ́jú fáìlì tí kò ní ààlà 4 GB yẹn, ẹ fi exFAT ṣe fílaṣì náà, ó parí. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ gé fáìlì tó ti parí láìtún un kọ:

`ffmpeg -i C0020_tv.mp4 -c copy -f segment -segment_time 2400 -reset_timestamps 1 apa_%02d.mp4`

Ogójì ìṣẹ́jú nìyẹn fún apá kọ̀ọ̀kan. Kódà bó bá jẹ́ 12 Mbps láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, 3.6 GB péré ni.

AgbaKódẹ́kì_Wuse

Kí o tó gbé e lé wọn lọ́wọ́, ṣe nǹkan méjì. Fílaṣì ayédèrú wà lọ́jà, tí wọ́n kọ 64 sí lára tí inú rẹ̀ jẹ́ 8. Fi H2testw dán an wò nígbà tó ṣì ṣófo. Lẹ́yìn tí o bá ti kó fáìlì sí i, kà wọ́n láti orí fílaṣì fúnra rẹ̀:

`ffmpeg -v error -i E:\apa_00.mp4 -f null -`

Tí kò bá kọ ohunkóhun jáde, fáìlì pé. Tó bá kọ nǹkan, tún un kó. Lo Eject kí o tó fà á yọ.

Kámẹ́rà_Lugbe

Apá àkọ́kọ́ ti Sony 2 ti ṣí lórí tẹlifíṣọ̀n náà, àwòrán àti ohùn. Àwọn tó kù ń lọ lọ́wọ́. Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ ṣeun mà.